Aago Ta Ni Ó Wà Lórí Íméèlì?

Ẹ jẹ́ kí a fi tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ní Ìbàdàn, àbúrò ń gbé ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 2025, ẹ̀gbọ́n kọ íméèlì sí àbúrò pé onílẹ̀ ti gbà láti ta ilẹ̀ fún wọn, kí ó fi ìpín tirẹ̀ nínú owó náà ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àbúrò kò tíì sùn. Ó fèsì láàrin ogún ìṣẹ́jú pé òun gbà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ṣí èsì náà, aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ó rí lókè. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ti tún jáde, ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé aago méjì òru ni ó kọ ọ́. Ní aago méjì òru, ẹ̀gbọ́n wà lórí ibùsùn. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà bá wá di ẹjọ́, tí wọ́n tẹ ìwé wọ̀nyí jáde síwájú adájọ́, aago wo ni yóò gbà gbọ́?

Òótọ́ ni aago méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó purọ́, ẹ̀rọ kankan kò sì bàjẹ́. Aago tí à ń rí lórí íméèlì kì í ṣe ohun tí ó wà nínú lẹ́tà náà gan-an. Ìtúmọ̀ ni, tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹni tí ń kà á ṣe fún un. Ohun tí ó wà nínú lẹ́tà ni aago ẹni tí ó kọ ọ́, pẹ̀lú àmì kékeré kan tí ó tẹ̀lé e: +0100. Àmì yìí ni ó ń sọ bí aago ẹni náà ṣe jìnnà tó sí aago Greenwich ní Ìlú Ọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí i rárá, nítorí pé fóònù ti fi pamọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtàn rẹ̀ pẹ́ ju ti íméèlì lọ, Èkó sì wà nínú ìtàn náà.

Nígbà tí ìlú kọ̀ọ̀kan ní oòrùn tirẹ̀

Kí aago tó gbòde, àwọn baba wa mọ àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n mọ ìyálẹ̀ta, wọ́n mọ ọ̀sán gangan àti ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá dé àtàrí ní Ìlọrin, ọ̀sán ti pọ́n fún ará Ìlọrin. Kò kan ará Àgbádárìgì, tí oòrùn tirẹ̀ ṣì ku ìṣẹ́jú bíi mẹ́fà kí ó tó dé àtàrí. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo àgbáyé ni ó ń fi oòrùn ìlú rẹ̀ ka wákàtí. Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan láàrin wákàtí 24, nítorí náà bí ènìyàn bá ti ń rìn lọ sí ìlà-oòrùn ni ọ̀sán ń tètè dé bá a. Fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn tàbí tí ń gun ẹṣin, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan tí a ń sọ.

Ọkọ̀ ojú irin ni ó sọ ọ́ di ìṣòro. Oòrùn ìlú Bristol ní Ìlú Ọba fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbẹ́yìn ti London. Ẹni tí ó bá fi aago Bristol lọ wọ ọkọ̀ tí ń fi aago London rìn yóò bá ibùdókọ̀ ní òfìfo. Ní ọdún 1840, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Great Western gbé aago London lé gbogbo ibùdókọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1847, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin yòókù ti ń tẹ̀lé e. Àwọn ará ìlú kò tètè gbà. Aago ńlá kan wà ní Bristol títí di òní tí ó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú méjì, ọ̀kan fún Bristol, ọ̀kan fún London.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní ọdún 1858, ní ìlú Dorchester. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá fún ẹjọ́ kan. Aago ilé ẹjọ́ lu mẹ́wàá, adájọ́ jókòó, olùjẹ́jọ́ kò sí níbẹ̀, adájọ́ sì dá ẹjọ́ náà fún olùpẹjọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà ni olùjẹ́jọ́ wọlé, ó ní aago ìlú kò tíì lu mẹ́wàá. Aago Greenwich ni ilé ẹjọ́ ń lò, aago oòrùn ni ìlú ń lò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga ju ìyẹn lọ, àwọn adájọ́ ní aago mẹ́wàá túmọ̀ sí aago mẹ́wàá ti ìlú tí ilé ẹjọ́ wà, kì í ṣe ti Greenwich. Ìgbà tí ó di ọdún 1880 ni òfin tó sọ aago Greenwich di aago gbogbo ilẹ̀ náà.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kò dúró de òfin. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1883, wọ́n pín ilẹ̀ náà sí ẹkùn aago, ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì fi wákàtí kan gbáko yàtọ̀ sí èkejì. Ní àwọn ìlú kan, ọ̀sán gangan ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ náà.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1884, aṣojú orílẹ̀-èdè 25 péjọ sí Washington láti yan ìlà kan tí gbogbo ayé yóò máa bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti ibẹ̀. Orílẹ̀-èdè 22 dìbò fún Greenwich. San Domingo nìkan ni ó kọ̀. Faransé àti Brazil kò dìbò. Liberia nìkan ni ó wá láti ilẹ̀ Áfíríkà. Èkó ti wà lábẹ́ Ìlú Ọba nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè. Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn èyí tí ìpàdé mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní Berlin, níbi tí àwọn òyìnbó ti jíròrò bí wọn yóò ṣe pín ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé mọ ti Berlin. Ti Washington kò lókìkí tó o, ṣùgbọ́n òun ni ó wà lórí gbogbo íméèlì.

Bí Èkó ṣe dé +0100

Oòrùn Èkó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ṣáájú ti Greenwich. Aago tí Èkó ń lò tẹ́lẹ̀ nìyẹn, aago oòrùn tirẹ̀. Reluwé Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1905, ìjọba amúnisìn pàṣẹ pé aago Greenwich ni kí Èkó máa lò. Gbogbo aago sì padà sẹ́yìn pẹ̀lú ìṣẹ́jú 13 àti díẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni àṣẹ náà lò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1908, wọ́n dá aago Èkó padà sí ti oòrùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1914 dé, ọjọ́ tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, aago Èkó tún yí: ó di ìdajì wákàtí ṣáájú Greenwich. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919, wọ́n tún un sún síwájú, ó di wákàtí kan gbáko. Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò yí padà mọ́. Láàrin ọdún 14, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n yí aago Èkó padà, láìjẹ́ pé oòrùn yí ọ̀nà rẹ̀ padà ní ẹ̀ẹ̀kan.

Ohun tí èyí mú wá ṣì wà lára ọjọ́ wa. Oòrùn tí wákàtí kan ṣáájú Greenwich bá mu ni oòrùn ilẹ̀ tí ó wà níwájú Maiduguri ní apá ìlà-oòrùn, lẹ́yìn ẹnubodè Nàìjíríà. Nítorí náà, nígbà tí aago méjìlá bá lù ní Èkó, oòrùn kò tíì dé àtàrí; ó ku bí ìṣẹ́jú 46.

Aládùúgbò wa náà ní ìtàn tiwọn. Orílẹ̀-èdè Benin ń lo aago kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Togo dúró sórí aago Greenwich. Ẹni tí ó bá gba ẹnubodè Hilla-Condji kọjá láti Benin sí Togo yóò dá aago rẹ̀ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ará Ṣábẹ̀ tí ó bá fi íméèlì ránṣẹ́ sí Atakpamé, tí kò jìnnà púpọ̀ sí i, tí àwọn ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, yóò dà bí ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ ti dé kí ó tó kọ ọ́. Oòrùn kọ́ ni ó pín wọn, ìjọba ni.

Aago wọ inú lẹ́tà

Ọdún 1971 ni Ray Tomlinson fi íméèlì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Yàrá kan náà ni kọ̀ǹpútà méjèèjì wà. Kò sí ẹni tí ó nílò láti béèrè pé aago ibo ni. Ní ọdún 1973, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà náà dé Norway àti London. Ní ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kẹsàn-án, Tomlinson àti àwọn mẹ́ta mìíràn, Abhay Bhushan, Ken Pogran àti Jim White, kọ ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní RFC 561, láti sọ ohun tí ó yẹ kí ó wà lórí lẹ́tà: ẹni tí ó kọ ọ́, àkòrí rẹ̀, àti ọjọ́ pẹ̀lú aago tí a kọ ọ́.

Ìwé ìlànà tí ó wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni ti ọdún 1982, RFC 822, tí David Crocker kọ. Ó gbà kí ènìyàn kọ orúkọ ẹkùn aago rẹ̀ síwájú wákàtí. Ṣùgbọ́n orúkọ ta ni ó wà níbẹ̀? Yàtọ̀ sí aago Greenwich, ti Amẹ́ríkà nìkan ni: EST, CST, MST, PST, àti àwọn ẹ̀dà wọn ti ìgbà ooru. Ẹni tí ó wà ní Èkó, ní Tokyo tàbí ní Cairo kò ní orúkọ nínú ìwé náà. Nọ́ńbà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Ọ̀nà kẹta tún wà, èyí tí ó jẹ́ lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí àwọn ológun ṣe ń ṣe. Lọ́dọ̀ àwọn ológun, A ni ẹkùn tí ó fi wákàtí kan ṣáájú Greenwich, ìyẹn ẹkùn tí Nàìjíríà wà. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sínú RFC 822, wọ́n yí àmì rẹ̀ sódì: wọ́n ní A fi wákàtí kan gbẹ́yìn Greenwich. Bí kọ̀ǹpútà kan ní Èkó bá lo A bí àwọn ológun ṣe ń lò ó, tí òmíràn sì kà á bí ìwé náà ṣe sọ, wákàtí méjì gbáko ni wọn yóò fi ṣi ara wọn gbọ́. Ní ọdún 1989, ìwé mìíràn tí Robert Braden ṣe olóòtú rẹ̀, RFC 1123, jẹ́wọ́ àṣìṣe náà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti dàrú báyìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé irú àmì bẹ́ẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà ni kí a máa lò.

Nọ́ńbà ni ó sì borí. Orúkọ a máa tan ènìyàn jẹ. Àwọn ará Australia náà ń pe aago wọn ní EST. IST lè jẹ́ ti India, ó lè jẹ́ ti Israel, ó lè jẹ́ ti Ireland. Ṣùgbọ́n +0100 kò ní ìtumọ̀ méjì. Ìwé ìlànà ti ọdún 2001, RFC 2822, sọ àwọn orúkọ náà di ohun àtijọ́. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní orúkọ ni ó wá di ti gbogbo ayé.

Bí fóònù ṣe ń túmọ̀ rẹ̀

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ní Ìbàdàn fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́, ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ sórí rẹ̀ ni 09:00:00 +0100. Kọ̀ǹpútà tí ó bá gbà á yóò kọ́kọ́ yọ wákàtí kan kúrò, kí ó lè mọ aago Greenwich: aago mẹ́jọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò wo ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Ní Porto-Novo, yóò gbé aago mẹ́sàn-án jáde. Ní Lomé àti ní London, aago mẹ́jọ. Ní Salvador ní Brazil, aago márùn-ún. Ní New York, aago mẹ́ta. Ní Houston, aago méjì òru. Bí ó bá jẹ́ oṣù Keje ni, London ìbá bá Èkó dọ́gba, New York àti Houston ìbá sì fi wákàtí kan sún mọ́ wa sí i, nítorí pé wọ́n máa ń sún aago wọn síwájú ní ìgbà ooru. Lẹ́tà kan náà ni, kò sí ohun tí ó yí padà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ṣe di ti aago méjì òru nìyẹn. Nígbà tí àbúrò fèsì, kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni ó ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n sísàlẹ̀, aago Houston ni ó sì fi kọ ọ́. Aago tí ó wà lókè ṣì ń yí padà bí òǹkàwé bá ti ń yí padà, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ lásán, kò lè yí mọ́, kò sì ní àmì kankan lẹ́yìn tí yóò sọ ibi tí ó ti wá.

Ìṣòro kejì ni pé aago orí lẹ́tà kò ju ohun tí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kọ ọ́ sọ lọ. Ẹ wo kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó ṣì wà lórí aago California. Ẹni tí ó rà á rí i pé aago rẹ̀ kò bá ti Nàìjíríà mu. Dípò kí ó yí ẹkùn rẹ̀ padà, ó kàn yí wákàtí rẹ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Kọ̀ǹpútà náà yóò wá máa kọ 09:00 -0800. Ní ojú ẹni tí ó bá gbà á ní Abẹ́òkúta, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni, wákàtí mẹ́sàn-án síwájú. Lẹ́tà náà ti ọ̀la wá. Bí kọ̀ǹpútà náà bá sì sọ ọjọ́ rẹ̀ nù pátápátá, ó lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀ òǹkà tirẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1970 ní aago Greenwich. Ní Èkó, lẹ́tà bẹ́ẹ̀ yóò jáde bí èyí tí a kọ ní aago kan òru ọjọ́ náà. Ní New York, ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ọdún 1969 ni wọn yóò rí.

Àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn wà ṣá. Gẹ́gẹ́ bí ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣe máa ń lu òǹtẹ̀ lé lẹ́tà, gbogbo kọ̀ǹpútà tí íméèlì bá gbà kọjá ni ó ń kọ ìlà kan lé e lórí, pẹ̀lú aago àti àmì tirẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni a ń kà wọ́n, nítorí pé èyí tí ó dé kẹ́yìn ni ó ń wà lókè. Ṣùgbọ́n níbi yìí náà, ojú lè tan ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ń lo aago California, nítorí náà lẹ́tà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta lè ru àmì -0800 tàbí -0700. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní Amẹ́ríkà ni ó ti wá, tàbí pé ọjọ́ tí ó ṣáájú ni a kọ ọ́.

Àwọn tí ń tọ́jú ìwé aago

Ó ku ìbéèrè kan: báwo ni fóònù ṣe mọ̀ pé Houston ti sún aago rẹ̀ síwájú, tàbí pé Togo kì í sún tirẹ̀? Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí Arthur David Olson, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ ní àárín ọdún 1980 sí 1989. Paul Eggert ní yunifásítì UCLA ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí wà nínú ọ̀kẹ́ àìmọye fóònù àti kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn awòràwọ̀ pe àwọn ọkùnrin méjèèjì lẹ́jọ́ pé wọ́n lo ìwé àwọn. Wọ́n ti àkọsílẹ̀ náà pa fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, àjọ tí ń rí sí nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì gbà á sábẹ́ ààbò rẹ̀. Ní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ náà fà ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì tọrọ àforíjì.

Iṣẹ́ náà kì í tán, nítorí pé àwọn ìjọba kò yéé yí aago. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, olórí ìjọba Lebanon kéde, nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀, pé àwọn kò ní sún aago síwájú títí ààwẹ̀ Ramadan yóò fi parí. Ìjọ Maronite ní àwọn kò gbà. Fún ọjọ́ díẹ̀, aago méjì ni orílẹ̀-èdè kan ń lò, fóònù ènìyàn méjì tí ó jókòó tira wọn sì ń sọ wákàtí tí ó yàtọ̀, kí ìjọba tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Nínú àkọsílẹ̀ yìí, Èkó ní ojú ìwé tirẹ̀. Gbogbo ohun tí a sọ lókè wà níbẹ̀: ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35, ọdún 1905, 1908, 1914 àti 1919. Àwọn ìlú bíi Porto-Novo, Niamey, Luanda àti Kinshasa, ojú ìwé Èkó ni fóònù wọn ń ṣí kí ó tó sọ wákàtí fún wọn. Ìlú tí kò ní àga ní Washington ni ó wá ń jẹ́ orúkọ aago fún àwọn ìlú yìí.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀

Àwọn àgbà ní, a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òun ni àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó bá wo aago orí íméèlì nìkan ti gbọ́ ti ẹnìkan ṣoṣo. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011, ní abala 84, gba ìwé tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, bí wọ́n bá tẹ̀lé ohun tí òfin náà là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n íméèlì tí a tẹ̀ sórí ìwé, lọ́pọ̀ ìgbà, aago ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ni ó ń gbé jáde, láìsí àmì tí yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ owó tàbí ilẹ̀ bá wà láàrin òun àti ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ pa lẹ́tà náà rẹ́ kí ó wá fi bébà nìkan sọ́wọ́. Inú lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ ni àmì àti òǹtẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí kò ní ẹjọ́ pẹ̀lú. Ọmọ ilé ìwé tí ó rí i kà pé ìforúkọsílẹ̀ yóò parí ní òru ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ béèrè pé òru ibo. Òru New York gbẹ́yìn ti Èkó, òru Tokyo ti lọ kí tiwa tó dé. Ẹbí tí ó ń pe ìpàdé ìsìnkú láàrin Ìjẹ̀bú-Òde, London àti Houston kò ní pàdánù ohun kankan bí ó bá kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbangba pé "aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago Nàìjíríà ni o." Fóònù lè túmọ̀ aago orí lẹ́tà, èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú lẹ́tà, kò lè mọ ibi tí ó ti wá bí kò ṣe pé a sọ ọ́.

Ìbéèrè tí olùjẹ́jọ́ Dorchester gbé wọ ilé ẹjọ́ ní ọdún 1858 náà ni ó wà níwájú tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí. Òun ní láti lọ sí ilé ẹjọ́ gíga kí ó tó rí ìdáhùn. Tiwọn ti wà nínú lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú àmì kan àti nọ́ńbà mẹ́rin tí fóònù fi pamọ́ fún wọn.